Ìdì ìwé tí kọngílá Àkúrẹ́ gbọ́dọ̀ ní lọ́wọ́ kó tó gbẹ́ ìpìlẹ̀

Ẹni tó bá ń ka ohun tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń kọ nípa iṣẹ́ ilé kíkọ́ máa rò pé ìwé àṣẹ kan ṣoṣo ni wọ́n ń fún kọngílá, bí wọ́n ṣe ń fún awakọ̀ ní láísẹ́ǹsì. Ní California, bẹ́ẹ̀ ló rí lóòótọ́: àjọ kan ló ń ṣe ìdánwò fún un, òun náà ló sì ń gba ìwé onídùúró $25,000 lọ́wọ́ rẹ̀. Nàìjíríà kò ní irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ìdì ìwé ni tiwa, ọ́fíìsì bíi mẹ́jọ ló ń fún wa, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ní ọjọ́ tí yóò kú. Kọngílá tó mọṣẹ́ dunjú lè pàdánù iṣẹ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kọ́ tó o, torí pé ìwé kan kú lọ́wọ́ rẹ̀ ní oṣù Kejìlá tí kò sì fura.

Ìbéèrè tó ṣáájú ni pé owó ta ni wọ́n fẹ́ fi kọ́ ọ. Iṣẹ́ FUTA (yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ) ní Àkúrẹ́ àti ti Adeyemi Federal University of Education ní Oǹdó, ti ìjọba àpapọ̀ ni, Public Procurement Act ti 2007 (òfin tó ń darí bí ìjọba àpapọ̀ ṣe ń gbé iṣẹ́ fún èèyàn) ló ń darí wọn. Iṣẹ́ UNIMED (yunifásítì ìmọ̀ ìṣègùn), nínú ìlú Oǹdó kan náà, ti ìpínlẹ̀ ni, òfin àti ìforúkọsílẹ̀ ìpínlẹ̀ ló sì ń bá a rìn. Èèyàn lè gba ọ̀kadà láti sáìtì kan dé èkejì kí ìdì ìwé méjèèjì má sì jọra. Ẹni tó ń kọ́lé ara rẹ̀ ní Ìjàpọ̀ tàbí Ọba-Ilé kò ní béèrè ìwé pẹ́ńṣàn lọ́wọ́ yín rárá. Àmọ́ bí ògiri bá wó lu ọmọ aládùúgbò, òun àti aládùúgbò náà lè jọ gbé yín lọ sílé ẹjọ́, ìwé tó sì máa gbà yín lọ́jọ́ náà kò sí nínú èyí tí ẹ fi ń du tẹ́ńdà (ìdíje láti gba iṣẹ́).

CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, la fi ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó fi orúkọ okòwò lásán sílẹ̀ lè gba iṣẹ́ ilé ẹnìkan, ṣùgbọ́n gbèsè iṣẹ́ náà gbèsè ara rẹ̀ ni. Bí wọ́n bá dá a lẹ́bi, ilé rẹ̀ àti mọ́tò rẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n lè mú. Ilé-iṣẹ́ Limited dá dúró lọ́tọ̀ lábẹ́ òfin, òun ni ẹni tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ ìjọba ń lò. Ibi tí wọ́n ti ń ṣubú kì í ṣe ìforúkọsílẹ̀, ìròyìn ọdọọdún ni. Orúkọ okòwò ní títí di ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà lọ́dọọdún láti fi tirẹ̀ sílẹ̀, yàtọ̀ sí ọdún tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ti Limited kò gbọdọ̀ ju ọjọ́ 42 lọ lẹ́yìn ìpàdé gbogbogbò ọdún. Ẹni tó ń yẹ tẹ́ńdà wò kò ní bi yín léèrè kankan. Yóò kàn tẹ nọ́ńbà RC (nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀) yín sórí ìkànnì CAC ni. Bó bá rí INACTIVE níbẹ̀, ó ti ju ìwé yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Tax clearance (ìwé ẹ̀rí pé ẹ ti san owó orí) ti ilé-iṣẹ́, fún ọdún mẹ́ta tó kọjá, ọ̀dọ̀ FIRS, àjọ owó orí ìjọba àpapọ̀, la ti ń gbà á tẹ́lẹ̀, ọ́fíìsì náà ló ti di Nigeria Revenue Service báyìí. Ti àwọn dáírẹ́tọ̀ fúnra wọn àti owó orí tí ẹ ń yọ lára owó oṣù òṣìṣẹ́, ọwọ́ ODIRS, àjọ owó orí ìpínlẹ̀ Oǹdó, ní Àkúrẹ́ ló wà, ọjọ́ 31 oṣù Kìn-ín-ní sì ni gbèdéke ìròyìn owó orí òṣìṣẹ́ ti ọdún tó kọjá. Wàhálà tó wọ́pọ̀ níbí ni iye tí kò bára mu. Ẹnìkan á sọ fún àwọn olówó orí pé ₦12 mílíọ̀nù lòun pa lọ́dún, á wá kọ ₦90 mílíọ̀nù sínú ìwé ìṣirò tí ọ́dítọ̀ buwọ́ lù, kí wọ́n lè rí i pé òun tó gbangba sùn lọ́yẹ́. Àpò ìwé kan náà ló kó méjèèjì sí. Ẹni tó ń kà á máa tò wọ́n síra lórí tábìlì ni.

Ìwé mẹ́ta ti òṣìṣẹ́ ló wá kàn, àwọn ni wọ́n sì ń da kọngílá láàmú jù.

PenCom (àjọ tó ń mójú tó pẹ́ńṣàn): òfin pẹ́ńṣàn ti 2014 ní kí ilé-iṣẹ́ aládàáni tó ní òṣìṣẹ́ 15 sókè máa san ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù, kí òṣìṣẹ́ san 8. Òfin yìí kan náà ló ní kí ẹ ra ìnṣọ́ránsì ẹ̀mí fún wọn, iye rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ dín sí ìlọ́po mẹ́ta owó ọdún kan òṣìṣẹ́. Àwọn kan á san pẹ́ńṣàn pé pérépéré, wọ́n á gbàgbé ìnṣọ́ránsì ẹ̀mí, ìwé ẹ̀rí náà kò sì ní jáde. ITF (àjọ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ òṣìṣẹ́): ẹni tó bá ní òṣìṣẹ́ 5 sókè, tàbí tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún bá tó ₦50 mílíọ̀nù, á san ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo owó òṣìṣẹ́ lọ́dún.

NSITF (àjọ tó ń sanwó fún òṣìṣẹ́ tó fara pa lẹ́nu iṣẹ́) náà ń gba ìdá 1, àmọ́ oṣooṣù ni tirẹ̀, lábẹ́ Employee's Compensation Act ti 2010. Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbí, torí ìwé yìí nìkan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló máa wúlò fún yín lọ́jọ́ tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Ọ̀pọ̀ kọngílá gbà pé lébìrà tí àwọn kó lójú títì láàárọ̀, tí wọ́n sanwó fún nírọ̀lẹ́, kì í ṣe òṣìṣẹ́ àwọn. Òfin náà kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ẹ fi ẹnu lásán gbà, ẹni tó ń ṣe é fúngbà díẹ̀, ọmọṣẹ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ bíríkìlà, gbogbo wọn ni òfin kà mọ́ òṣìṣẹ́. Bí ẹ bá wá san ìdá 1 lórí owó akọ̀wé àti fọ́máànù nìkan, ẹni tó jábọ́ látorí àtẹ̀gùn igi kò sí nínú ìwé NSITF kankan.

Nítorí náà, ẹ ní ìwé kan ní sáìtì tí ẹ ó máa kọ orúkọ, nọ́ńbà fóònù, iṣẹ́ tó ṣe àti owó tó gbà sí, lójoojúmọ́, kí òun náà sì fọwọ́ sí i. Ìwé àkọsílẹ̀ olówó pọ́ọ́kú tó ó ṣe. Bí ẹnìkan bá fara pa, ọjọ́ 14 lòun tàbí ẹbí rẹ̀ ní láti sọ fún yín, ẹ̀yin náà sì ní ọjọ́ 7 láti kọ̀wé sí NSITF. Ọdún kan ni àyè wà láti béèrè owó ìtọ́jú. Kọngílá tó bá fi ìjàǹbá pamọ́ kí orúkọ rẹ̀ má baà bàjẹ́ ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ sọ owó ilé ìwòsàn náà di tirẹ̀.

Ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ni ìwé ẹ̀rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń kú lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí nìyẹn tí èrò fi máa ń pọ̀ ní ọ́fíìsì wọn ní oṣù Kìn-ín-ní, tí tẹ́ńdà tó jáde ní ọ̀sẹ̀ kejì ọdún fi máa ń bá ọ̀pọ̀ lójijì. Ẹ má sì ṣe sanwó oṣù méjìlá lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Déètì wà lára rìsíìtì, ẹni tó bá sì rí ọjọ́ kan náà lára rìsíìtì méjìlá mọ̀ pé torí tẹ́ńdà lẹ ṣe sáré.

Fún iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, ẹ ó fi ìforúkọsílẹ̀ BPP (ọ́fíìsì tó ń mójú tó bí ìjọba àpapọ̀ ṣe ń gbé iṣẹ́ síta) kún un, àti ìwé ìbúra láti ilé ẹjọ́ tó ń sọ bóyá ẹnikẹ́ni nínú ìgbìmọ̀ tó ń pín iṣẹ́ náà ní ìpín nínú ilé-iṣẹ́ yín, àti pé òótọ́ ni gbogbo ohun tí ẹ kọ. Ẹ tún nílò ẹni tí ìwé rẹ̀ dúró fún ọgbọ́n iṣẹ́: ẹnjiníà tó forúkọ sílẹ̀ ní COREN (ìgbìmọ̀ àwọn ẹnjiníà), tàbí bíídà (akọ́lé) ti CORBON (ìgbìmọ̀ àwọn bíídà). Kì í ṣe fọ́tò sáfíkéètì rẹ̀ tí ẹ rí gbà ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn o. Àṣẹ iṣẹ́ ti ọdún yìí ni kí ẹ gbà, pẹ̀lú lẹ́tà tó fọwọ́ sí pé òun mọ̀ sí tẹ́ńdà náà. Orúkọ ẹnjiníà kan lè wà nínú tẹ́ńdà ilé-iṣẹ́ mẹ́ta lórí iṣẹ́ kan ṣoṣo láìjẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ mọ̀, gbogbo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni yóò sì jábọ́.

Àṣẹ ìkọ́lé, onílé ló ni í. Ṣùgbọ́n bí àwọn tó ń mójú tó ètò ìlú bá wá fi ọ̀dà pupa kọ STOP WORK sára ògiri, lébìrà yín ló máa jókòó, ìwọ̀n ọjọ́ tí wọ́n sì fi jókòó, ẹ ń sanwó. Ẹ gba ẹ̀dà ìwé àṣẹ náà àti pláànù tí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí kí ẹ tó kó igi dé sáìtì. Adójútòfò, ìyẹn ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì, náà lè béèrè rẹ̀.

Ó yá, ìnṣọ́ránsì.

Òfin ìnṣọ́ránsì ti 2003, ní abala 64, ló sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ́ ilé tó ju ìpele méjì lọ láìra ìnṣọ́ránsì fún ìpalára tí àìbìkítà òun, òṣìṣẹ́ rẹ̀ tàbí ẹnjiníà rẹ̀ bá fà. Ìjìyà tó kọ sílẹ̀ nígbà náà ni ₦250,000 tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta, tàbí méjèèjì. Òfin tuntun, Nigerian Insurance Industry Reform Act 2025, ti rọ́pò rẹ̀, dandan náà kò sì kúrò nílẹ̀. Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú bí a ṣe ń ka ilé lédè wa. Ilé tó ní ìsàlẹ̀ àti òkè kan, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà kan là ń pè é. Òfin ka ìsàlẹ̀ náà mọ́ ọn, ìpele méjì ló rí. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà méjì tiwa jẹ́ ìpele mẹ́ta lójú òfin, ó sì ti kọjá ààlà. Ọ̀pọ̀ ilé akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ga sókè ní àdúgbò FUTA wà nínú èyí. Lẹ́yìn tí ẹ bá sì ti fà á lé onílé lọ́wọ́ tí ayálégbé kó wọlé, òfin ní kí òun náà ra tirẹ̀ fún ìwólulẹ̀, iná, ìjì àti àgbàrá, torí ilé tí ayálégbé wà nínú rẹ̀, ilé gbogbo èèyàn ni wọ́n kà á sí.

Èyí tó ń bo iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ni Contractors' All Risks, tí gbogbo wa ń pè ní CAR. Orúkọ rẹ̀ ń tan èèyàn jẹ, torí kì í ṣe gbogbo ewu ló ń bò. Apá kìíní wà fún ilé àti ohun èlò tó wà ní sáìtì. Apá kejì wà fún ará ìta tí iṣẹ́ yín bá ṣe léṣe tàbí tí dúkìá rẹ̀ bàjẹ́. Òṣìṣẹ́ yín kò sí nínú apá kejì yìí, ti NSITF nìyẹn, ìdí sì nìyí tí ọ̀kan kò fi lè rọ́pò èkejì.

Iye tí ẹ kọ sínú fọ́ọ̀mù CAR ló ń pinnu gbogbo nǹkan. Gbogbo owó tí iṣẹ́ náà máa jẹ tó bá parí ló yẹ kó jẹ́, pẹ̀lú ohun èlò tí onílé fúnra rẹ̀ rà. Ẹ wo bó ṣe ń rí. Iṣẹ́ tó ₦80 mílíọ̀nù, kọngílá fẹ́ kí owó ìnṣọ́ránsì fúyẹ́, ó kọ ₦50 mílíọ̀nù. Ìjì òru gbé ògiri àti igi dẹ́kìn lọ, àdánù náà jẹ́ ₦8 mílíọ̀nù. Ó rò pé mẹ́jọ kò dé àádọ́ta, wọ́n á san gbogbo rẹ̀. Wọn kò ní san án. Ìdá márùn-ún nínú mẹ́jọ iṣẹ́ náà lẹ bò, ìdá márùn-ún nínú mẹ́jọ àdánù náà ni wọ́n máa kà: ₦5 mílíọ̀nù. Nínú rẹ̀ ni wọ́n tún máa yọ iye tí kọngílá gbà láti fi orí ara rẹ̀ gbé nínú àdánù kọ̀ọ̀kan. Bó bá jẹ́ ₦500,000, ₦4.5 mílíọ̀nù ló máa dé ọwọ́ rẹ̀, yóò sì wá ₦3.5 mílíọ̀nù nínú àpò ara rẹ̀. Bí sìmẹ́ńtì àti irin ṣe ń gbówó lórí yìí, ẹni tó kọ iye tó tọ́ ní oṣù Kejì lè ti wọ inú kòtò yìí kó tó di oṣù Kẹsàn-án, láìparọ́ kankan. Gbogbo ìgbà tí owó iṣẹ́ bá lọ sókè, tàbí tí onílé bá ní kí ẹ fi yàrá kan kún un, ẹ kọ lẹ́tà sí adójútòfò, kí wọ́n tún iye náà kọ, kí ẹ sì san àfikún.

Kí ẹ tó fọwọ́ sí i, ẹ ka ojú ìwé tí wọ́n kọ ohun tí àwọn kò ní san sí, kí ẹ tó ka èyíkéyìí mìíràn. Àṣìṣe nínú pláànù ẹnjiníà, wọn kì í san án. Bí òpó kọnkéré kan bá wó torí pé yanrìn ti pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ nínú rẹ̀, wọn kò ní san owó òpó náà, ṣùgbọ́n ògiri rere tí òpó náà wó lù, wọ́n lè san tirẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń po kọnkéré tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kàn kú fúnra rẹ̀, kò sí níbẹ̀. Irin tó dín nígbà tí ẹ kà á lópin oṣù, tí ẹ kò mọ ọjọ́ tó lọ, kò sí níbẹ̀ pẹ̀lú. Àfi kí ìwé sítóò máa wọlé máa jáde lójoojúmọ́, kí ẹ sì ti lọ sọ fún ọlọ́pàá lọ́jọ́ tí ẹ rí i pé wọ́n jí i. Bí onílé bá rówó tì tí iṣẹ́ dúró, ọ̀pọ̀ CAR kì í san ohun tó bá ṣẹlẹ̀ nítorí ìdádúró náà. Ẹ sọ fún wọn kí ẹ tó ti géètì. Apá tí onílé bá sì ti ń lò kí iṣẹ́ tó parí, àbò ti kúrò lórí rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀ tí wọ́n ti háyà nígbà tí ẹ ṣì ń da dẹ́kìn lókè wà nínú ewu yìí.

Ọ̀rọ̀ aládùúgbò le jù. Ní Òkè Àró àti láàárín ìgboro, ilé fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kanra. Bí ẹ bá gbẹ́ ìpìlẹ̀ ní ìsàlẹ̀ fẹ́ǹsì ẹlòmíì, tàbí tí ẹ̀rọ tó ń fọ́ àpáta mi ilẹ̀ títí ògiri rẹ̀ fi sán, CAR lásán kì í sábà bo ìyẹn. Ẹ ní kí wọ́n kọ àfikún ti ìmìtìtì àti yíyẹ ilẹ̀ kúrò lẹ́bàá ilé sí i, kí ẹ sì ya fọ́tò ilé aládùúgbò, gbogbo sísán tó ti wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí ọkọ́ àkọ́kọ́ tó kanlẹ̀. Ẹni tí ògiri rẹ̀ ti sán láti ọdún mẹ́wàá kò ní ṣàì rántí pé ẹ̀yin lẹ fà á. Ní ẹ̀bá odò Àlà, wọ́n máa ń kọ ọ́ pé ẹ gbọ́dọ̀ gbẹ́ gọ́tà, kí ẹ sì kó sìmẹ́ńtì sókè kúrò nílẹ̀. Bí àgbàrá bá gbé e lọ tí ẹ kò sì ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn.

Tó bá ṣẹlẹ̀, ẹ pè wọ́n lọ́jọ́ náà, ẹ kọ̀wé tẹ̀ lé e. Ọjọ́ 14 ni ọ̀pọ̀ ìwé CAR fi sílẹ̀. Ẹ má ṣe kó àlàpà náà kúrò kí ẹni tí wọ́n rán wá tó rí i, àyàfi ohun tó lè tún pa èèyàn, ẹ ya fọ́tò ìyẹn kí ẹ tó kó o.

Ohun tó sì ń pa ìnṣọ́ránsì kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ rárá ni owó tí a kò san. Òfin sọ ọ́ kedere pé láìsanwó, kò sí àbò. Ìwé tí alágbàtà bá fún yín kí ẹ fi sínú tẹ́ńdà, pé ẹ ó sanwó tí iṣẹ́ bá bọ́ sí i, bébà lásán ni. Ẹ yẹ ilé-iṣẹ́ náà wò nínú orúkọ àwọn tí NAICOM (àjọ tó ń ṣàkóso ìnṣọ́ránsì) fún láṣẹ, kí ẹ sì gba rìsíìtì ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀, kì í ṣe ti alágbàtà. Orúkọ yín inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ti CAC mu, lẹ́tà sí lẹ́tà. Àdírẹ́sì sáìtì ni kó wà níbẹ̀, kì í ṣe ti ọ́fíìsì yín ní Alágbàká. Kí orúkọ onílé àti ti àwọn tó gba iṣẹ́ iná àti omi lọ́wọ́ yín náà wà níbẹ̀.

Ti mọ́tò kò gùn. Láti oṣù Kìn-ín-ní 2023, thírdì pátì mọ́tò ara ẹni ti di ₦15,000, ti mọ́tò tó ń kó ẹrù ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ₦20,000, ti ọkọ̀ ńlá tó ń kó ẹrù fún owó ₦100,000. Típà tí ẹ fi ń kó yanrìn tiyín, tí ẹ sì ń yá fún ẹlòmíì lọ́jọ́ Sátidé, ẹ ronú dáadáa kí ẹ tó sọ fún wọn pé ẹrù tiyín nìkan ló ń gbé.

Ìwé onídùúró wá yàtọ̀ sí gbogbo èyí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé adójútòfò kan náà lè ta á fún yín. Onílé ló ń dáàbò bò. Fún iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, òfin 2007 ní kí ti tẹ́ńdà má ju ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún iye tí ẹ pè lọ. Ti pé ẹ ó ṣiṣẹ́ parí kò gbọdọ̀ dín sí ìdá 10 owó iṣẹ́, bí owó ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí ẹ béèrè bá sì ju ìyẹn lọ, iye ìyẹn ni. Kí wọ́n tó fún yín ní ìwé náà, àwọn dáírẹ́tọ̀ máa fọwọ́ sí i pé tí wọ́n bá sanwó fún onílé, àwọn á dá a padà. Ẹni tó bá gba owó ìbẹ̀rẹ̀ tó fi ra jíìpù ti fi ilé ara rẹ̀ dúró.

Gbogbo owó wọ̀nyí, inú ìwé ìdíyelé iṣẹ́ ló yẹ kó wà, ní apá ìbẹ̀rẹ̀ níbi tí omi, iná àti ilé ìṣọ́ sáìtì wà. Ẹni tó fi òdo síbẹ̀ kí owó rẹ̀ lè kéré jù ti ẹlòmíì máa san án nínú èrè rẹ̀, tàbí kó má rà á rárá.

Lẹ́yìn tí ẹ bá fa ilé náà lé wọn lọ́wọ́, ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún owó iṣẹ́ tí wọ́n dá dúró ṣì wà lọ́wọ́ onílé fún oṣù mẹ́fà tàbí méjìlá, títí ẹ ó fi tún àbùkù tó bá yọjú ṣe. Ẹ rí i pé CAR yín kọ àkókò àtúnṣe náà sínú rẹ̀, kó má parí lọ́jọ́ ìfàléni-lọ́wọ́. Bíríkìlà tó padà wá rẹ́ ògiri tó sán lè jábọ́ látorí àtẹ̀gùn bíi tàná, ẹ fi orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ojoojúmọ́ lọ́jọ́ yẹn náà.